Ìbéèrè Tí Mo Bi Bàbá Kátíkíìsì Nítorí Ìyá Àgbà

Òórùn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí láàárọ̀ Sátidé kò tíì kúrò nímú mi láti kékeré mi l'Áyédé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń pọn omi náà láti odò. Bó bá sì fọ ilẹ̀ tán, ẹ̀yìn pátápátá ló máa jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí kò ṣèrìbọmi.

Kì í kúkú ṣe pé kò fẹ́. Ìyàwó kẹta ni lọ́ọ̀dẹ̀ bàbá àgbà, ìjọ sì ní àfi tó bá kọ́kọ́ kọ ọkọ sílẹ̀. "Ulé ọkọ mi rè é, ulé Olúwa nìyẹn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "mi ò ní torí ọ̀kan kọ èkejì." Olóríkunkun ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó kú, wọn ò lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Mo dúró lójú fèrèsé títí di ọ̀sán, mo ń retí agogo náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wà lára àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí, ìyá mi sì ti rán aṣọ funfun mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kátíkíìsì ń kọ́ wa pé ẹni tí kò bá ṣèrìbọmi kò ní wọ ìjọba ọ̀run. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, tí Jésù mú lọ sí Párádísè lọ́jọ́ náà, ta ló ṣèrìbọmi fún un? Bí olè bá wọlé, kí ni Ìyá Àgbà mi ṣe?"

Bàbá ṣí Bíbélì, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé lórí.

Ìyá mi sunkún lórí aṣọ yẹn. Bàbá mi kò bá mi wí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ náà ni wọ́n sọ, pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Kátíkíìsì dé ẹnu ọ̀nà wa, wọn ò wọlé. "Mi ò bínú sọ́mọ yìí," wọ́n ní. "Èmi náà bi àwọn tó kọ́ mi ní irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n jókòó. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo jókòó ni o."

Lónìí, takisí ni mo ń wọ̀ lọ sí Òyè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní filọ́sọ́fì. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsìnkú aládùúgbò wa kan, oníwàásù ní gbogbo àwọn baba ńlá wa tí kò ṣèrìbọmi wà nínú iná. Mo mọ èsì ọ̀rọ̀ náà. Mo ti kọ ìwé lé e lórí. Àmọ́ mo wo ìyá mi láàárín àwọn àgbà ìjọ, mo ro ohun tí ará ìlú máa wí. Ojú ara mi ń tì mí láti ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò tíì kàwé débì kan dìde níwájú Bàbá Kátíkíìsì. Èmi ṣe Àmín, mo tún ṣe é sókè.