Ìwé Tí Mo Kà fún Wọn

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ kíkan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láyé SAP, nígbà tí iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n bí ojú, ni mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe máníjà ní ilé iṣẹ́ gààrí kan níbẹ̀. Omi tí a ń fún jáde lára ẹ̀gẹ́ ń gba ẹ̀yìn ọgbà wa, ó sì ń rin wọ inú kànga kan ṣoṣo tí àdúgbò ń mu. Mo mọ̀. Jẹ́ kí n tún un sọ, ọ̀rẹ́ mi: mo mọ̀. Mo ti bu omi náà sínú kọ́ọ̀bù fúnra mi. Ó ń hó, ó sì korò.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ní àwọn yóò fi ẹjọ́ wa sun wolé-wolé, ọ̀gá wa pè mí. "Máníjà, wá nǹkan kan kọ. Kí wọ́n tẹ̀ka sí i kí ọkùnrin yẹn tó dé." Mo kọ ọ́ lédè Òyìnbó, ìlà mẹ́rin péré: pé àdúgbò kò ní ẹ̀sùn kankan, pé kànga wọn dára.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lèmọ́mù àdúgbò ni wọ́n pé jọ sí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Baba yìí a máa ka kéwú bí ẹni ń mumi, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé Òyìnbó. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, kà á fún wa." Mo gbé ìwé náà sókè, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀: pé ilé iṣẹ́ yóò la gọ́tà, yóò sì gbẹ́ kànga mìíràn kí oṣù tó lé. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ọṣẹ dúdú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹ̀gà! Àná ni mo fẹ́ da omi yẹn lé e lórí!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ka. Lèmọ́mù fi Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún wá sí òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ wàláà, ó sì ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Wolé-wolé dé, ọ̀gá wa na ìwé náà sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A kò la gọ́tà, a kò sì gbẹ́ kànga; nígbà tí omi kànga kò ṣeé mu mọ́, odò ìsàlẹ̀ òkè ni àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Ìyá ọlọ́ṣẹ yọ̀ ṣubú níbẹ̀, itan rẹ̀ kán, kò sì tún rìn mọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rò pé wọn kò mọ̀ ni, mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé wọn kò mọ̀.

Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo padà sílé, ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọkọ̀ ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Lèmọ́mù, mo jẹ́wọ́. Tẹ̀sùbáà kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wolé-wolé yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì kà á fún mi. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ló kọ orúkọ yẹn. Mo ní ọwọ́ mi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò tú mi fó, baba?"

"Ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ àwọn bàbá àdúgbò títí tí wọ́n fi gbà kí àwọn ọmọbìnrin wọn lọ síléèwé. Ìwọ ni mo ń fi hàn wọ́n pé ìwé dára. Bí wọ́n bá gbọ́ ohun tí o fi ìwé ṣe, ilẹ̀ kò ní mọ́ kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ náà kúrò níléèwé." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan kọjá. "Ìyá ọlọ́ṣẹ ni n kò mọ ohun tí n ó wí fún."

O máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń kọ ìwé ẹ̀sùn kiri lórí gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ń ba omi ẹni jẹ́. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa ní ojúṣe ilé iṣẹ́ sí àdúgbò, mo sì gba máàkì tó dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n baba tí mo tàn jẹ ló ru ojúṣe náà, omi mímu àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì fi bo àṣírí mi.