Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Tí Mo Fi Ka Ọdún Bàbá Adájọ́

Òórùn káńfọ̀ àti ìwé àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní pálọ̀ Bàbá Adájọ́ ní Ifọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, òórùn òróró ìwọ́ra ti dara pọ̀ mọ́ ọn, torí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá, ìyàwó wọn, dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń wá láràárọ̀ láti wọ́ ẹsẹ̀ Màmá. Bàbá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè jókòó ti aya wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí owó nọ́ọ̀sì wọ́n wọn.

Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò ìwé ìfẹ̀yìntì ní Abẹ́òkúta. Mo ní kékeré, ọ̀rẹ́ mi: kí n kọ lẹ́tà tó wọlé sínú rẹ́jístà, kí n lu òǹtẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ifọ̀, ẹnu mi a gbòòrò bíi ti ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ránṣẹ́ pè mí ní Sátidé kan. Òfin ò ṣókùnkùn sí wọn: adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga tó bá lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, odindi owó oṣù rẹ̀ ni yóò máa gbà títí ọjọ́ alẹ́, tí kò bá pé, wọn á gé e. Àmọ́ òjò ti ba ìwé tiwọn jẹ́, wọn ò rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo fáìlì.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá wa ni fáìlì ọ̀hún wà, ojú sì tì mí láti sọ pé n kò tó ẹni tó ń ṣí i. Mo wá rántí ìdúpẹ́ tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí lẹ́tà ìyànsípò wọn dé. Ọjọ́ ìsìn ìkórè ni, èmi náà wà lára àwọn tó to àga. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Ifọ̀ ti ń pè wọ́n ní Adájọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún wọn. Ní Sátidé kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó ti pé.

“Ṣé o fojú ara rẹ rí i nínú fáìlì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Àṣé ọjọ́ tí adájọ́ bá búra ni ìjọba ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìjọ bá a dúpẹ́, oṣù mẹ́rin ló sì wà láàárín méjèèjì. Kí a tó mọ̀, ìjọba ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà, kò ṣeé fà padà mọ́. Wọ́n gé owó Bàbá.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Mo bá Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, àwọn fúnra wọn ló ń wọ́ ẹsẹ̀ Màmá. Nọ́ọ̀sì ò wá mọ́. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, “Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi. Àwọn ọ̀gá yín ló ṣi fáìlì mi kọ. Ìwọ ti ṣe tìrẹ.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣeun ni mo sọ, mo sì gba ilé lọ.

Bàbá àti Màmá ti ṣaláìsí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ṣì ń lọ ní tirẹ̀, torí ẹni tí ǹ bá jẹ́wọ́ fún ò sí mọ́. Èmi náà padà di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá bi mí bóyá ọdún òun ti pé, n kì í dáhùn àfi tí mo bá rí ìwé. Wọ́n máa ń yìn mí níbi iṣẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ tó mi. Wọn ò mọ̀ pé ìtìjú ni.