Ewé Awùn Lójú Ọ̀nà Òkè Ìkòsì

Mi ò kì í mutí. Ibà kò mú mi lọ́jọ́ náà, oorun kò sì sí lójú mi. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí. Ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè, mo sì wà níbi tí mo mọ̀ ju ẹ̀yìnkùlé bàbá mi lọ.

Kí òmìnira tó dé ní bí ọdún mẹ́ta ni. Kétu ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lónìí. Bí ẹ bá ti kúrò lójú títì Ìkòròdú tí ẹ dorí kọ Ìkòsì, igbó ni, igbó gidi, tí ìtànṣán oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ á máa ga díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé etí òkè kan tó já sílẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á máa wo odò Ògùn bó ṣe ń wọ́ lọ láàrin ẹrẹ̀, á rí èéfín ẹja ní Agboyi, á sì rí igbó tó lọ salalu lódìkejì. Mo mọ̀ pé a kì í ṣe ará òkè ńlá. Àmọ́ ẹ gbà mí gbọ́, mo ti dé ibi tí òkè ti ga ju tiwa lọ, mi ò tíì rí ibi ìwòran tó dà bí ibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn awọnlẹ̀ fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kọ́ mi. Ojú ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ọ̀nà inú igbó wá wọ̀ mí lára bí àìsàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń rìn ín, mò ń ka ìṣísẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Láti ìdí ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn Kétu dé oríta, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogún ìṣísẹ̀. Láti oríta, bí ẹ bá gba ọwọ́ ọ̀tún dé etí òkè, òjìlélẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀nà ọwọ́ òsì nìkan ni mi ò tíì kà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ṣí ìwé náà tí mo rí àyè tó ṣófo níbẹ̀.

Múfú ni ọ̀rẹ́ mi. Káfíńtà ni, Kétu ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Agboyi ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ọjọ́ kan ni wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyá náà ti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé bó bá fẹ́ bá wọn láyé, kó tètè máa bọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká gba ọ̀nà òkè, ká sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò, ká wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Ó yá ju ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ. Ó ní kí n máa lọ níwájú, pé òun máa kọ́kọ́ gba oògùn lọ́dọ̀ apoògùn.

“Ọ̀gá Aka-ìṣísẹ̀,” ó ní, “ká ní ilé àna lò ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ báyìí, ò bá ti níyàwó.”

“Ìwọ tó ń fi òṣùwọ̀n wọn pákó,” mo dá a lóhùn, “ṣebí àga rẹ ṣì ń mì.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Ládùúgbò wa nígbà náà, bí ẹni méjì bá ń lọ ọ̀nà kan náà, tí ọ̀kan ṣáájú, ẹni iwájú á ṣẹ́ ẹ̀ka tútù, á fi dábùú ọ̀nà tí ẹni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ gbà. Bí o bá dé oríta tí o rí ewé, ọ̀nà kejì ni tìrẹ. Àwọn àgbà sì fi òfin kan tì í lẹ́yìn: ẹni tó dí ọ̀nà ló ń ṣí i. Bí ewé náà tilẹ̀ gbẹ, o kì í fọwọ́ kàn án.

Mo dé oríta. Ewé kan ti wà nílẹ̀, ó dábùú ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n bí awọ.

Mo dúró wò ó. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn obìnrin aṣẹ́gi ló fi í síbẹ̀, tí wọ́n ti lọ tipẹ́. Òjò ọdún yẹn pọ̀ gan-an, mi ò sì tíì gba ibẹ̀ kọjá látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mi sọ pé ọ̀nà náà dára. Ìwé mi, ẹ gbọ́.

Mo ká ewé gbígbẹ náà, mo jù ú sínú igbó.

Mo wá ṣẹ́ ẹ̀ka awùn, igi tí ewé rẹ̀ máa ń yí ka bí agboòrùn, tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mo fi dábùú ọ̀nà òsì, kí Múfú lè gba ọ̀tún tó kúrú. Èmi fúnra mi sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ewé mi, mo gba òsì lọ, mo ń kà. Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀. Ìyá ẹni ẹlẹ́ni ń kú lọ, èmi ń ka ìṣísẹ̀.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé méje. Mo dé etí òkè, mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn.

Bí mo ṣe ń dé ìwé náà ni mo gbọ́ ohun kan lápá ọ̀tún, ó wúwo, bí ìgbà tí wọ́n bá tú yanrìn sílẹ̀. Mo ní igi ló wó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ kankan kò ké mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, igbó tó dákẹ́ lọ́sàn-án bani lẹ́rù ju igbó tó dákẹ́ lóru lọ.

Mo yíjú, Múfú ti dúró lẹ́yìn mi.

Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo mọ ẹsẹ̀ gbogbo ará Kétu. Ẹrẹ̀ pupa ti bò ó dé àyà, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, oje funfun sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò wò mí. Agboyi ló ń wò.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Ta ló ká ewé yẹn kúrò?”

“Ewé wo?”

“Èyí tó gbẹ.”

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo ní, “Èmi kọ́.”

Ó na ìgò oògùn sí mi. “Bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Ìgò náà tutù bí òkúta inú odò. Mo wo ìdérí rẹ̀ bóyá ó le dáadáa. Ìgbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́nìkan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ipasẹ̀ mi nìkan ló sì wà lórí rẹ̀.

Mo sáré padà dé oríta, mo wọ ọ̀nà ọ̀tún. Ẹ dárí jì mí, mo ṣì ń kà. Ní ìṣísẹ̀ kẹrìnléláàádọ́rùn-ún, lẹ́yìn igbó ọparun, ọ̀nà parí. Ilẹ̀ ti ya lọ. Etí rẹ̀ àtijọ́ ti ní koríko, ìyẹn ni pé òjò ló ti kọ́kọ́ gé e, tí ẹnìkan sì ti rí i, tó fi ewé dí i. Ibi tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya pọ́n bí ẹran. Bàtà kan wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ ń hó díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Mo pè é títí ohùn mi fi há. Kò sí ibi tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ lé láti sọ̀ kalẹ̀.

Ó yẹ kí n ké gbàjarè sí ìlú. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé ta ló ṣí ọ̀nà. Mo gbé ìgò, mo gba ibòmíràn dé etí odò, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Agboyi.

Ìyá Múfú di ọwọ́ mi mú láti orí ẹní. “Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ dà?”

“Kétu ló ti fún mi ní oògùn yìí, Mà. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Wọ́n mu oògùn náà. Ara wọn yá.

Ẹ má dúpẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń lọ sí etí odò, wọ́n ń bi ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ bóyá Múfú wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti lọ sí ilẹ̀ Gánà, pé ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Wọ́n á bi mí, èmi náà á ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n kú. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni mo padà sí oríta. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ké e jáde, mo ní, “Múfú, èmi ni.” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo yíjú pé kí n máa lọ sílé.

Ewé awùn wà nílẹ̀. Ó tútù, oje rẹ̀ ṣì ń kán. Ọ̀nà tí mo gbà wá ló dábùú.

Mo gba inú igbó wálé, ẹ̀gún ya mí lára. Ìwé ìṣísẹ̀ mi, mo jù ú sódò.

Igbó yẹn kò sí mọ́. Ilé ti bo gbogbo rẹ̀, láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí òkè ti já. Mo ti wá igi awùn kiri pẹ̀lú ojú mi, kò ku ẹyọ kan. Síbẹ̀ ewé náà ń wá. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi ń ṣe ìgbéyàwó ní Ifákọ̀, ó wà ní géètì. Mi ò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi, ó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí àwọn gbá a dànù. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó dí ọ̀nà ló ń ṣí i, ẹni tó dí tèmi kò sì tíì wá ṣí i.

Láàárọ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló wà. Mo ka ìṣísẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi débẹ̀. Mẹ́fà ni.

Bí ẹ bá rí ewé tó dábùú ọ̀nà níbikíbi, bó tilẹ̀ gbẹ, bó tilẹ̀ dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, ẹ yà fún un. Bí ẹ bá sì ti ká a, tí ẹnìkan wá dúró lẹ́yìn yín tó bi yín pé ta ni, ẹ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń béèrè.