Ẹ̀rọ Lọ́tọ̀, Ìwé Lọ́tọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Atẹ̀wé fi tẹ ìwé fún àwọn ẹlòmíràn. Orí ẹ̀rọ onírin tó ń pariwo bí òjò orí páànù ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá kan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé, ohun méjì ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́: lẹ́tà ìdúpẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́. Ọdún kejì rè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kò sì síbi tó béèrè iṣẹ́ tí wọn kò ní wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sọ pé àwọn yóò pè é.

Ìdí nìyí tí kò fi jáfara nígbà tí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé gbà láti dán an wò. Wọ́n ti gba ohùn awakọ̀ àtijọ́ mẹ́ta sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ ìtàn ayé wọn. Kí ó gbọ́ ọ, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù. Bó bá mọ́, iṣẹ́ di tirẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi fa ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wáífáì ilé náà, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò láti yàrá onílé lókè, dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti tẹ méjì tán. Ó ti mọ ikọ́ awakọ̀ àkọ́kọ́ débi pé ọwọ́ rẹ̀ á ti kúrò lórí bọ́tìnnì kí ikọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí òun dán ìfiránṣẹ́ wò, ojúlé iléeṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ṣí fún un. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó jù.

Ó bá gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí obìnrin yìí wọlé ọkọ. Nítorí eyín rẹ̀ tí kì í bò ló ṣe sọ ọ́ ní Eyínafẹ́, orúkọ náà kò sì bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

"Ìyàwó wa, kọ̀ǹpútà yín yìí ti tó fẹ̀yìn tì o."

"Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, ṣebí mo ṣì ń wáṣẹ́. Wá nǹkan ṣe sí i."

Ó ní Línúùsì ló lè gbà á là: ètò ọ̀fẹ́ tó fúyẹ́, tí kò ní wọ kọ̀ǹpútà àgbàlagbà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà. Ó mú fíláàṣì méjì tí oríṣi kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn fún un, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan aláwọ̀ eérú.

"Méjèèjì ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lò wọ́n láti orí fíláàṣì nílé, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tó bá gbá wáífáì yín mú, òun ni kẹ́ ẹ wá fi sínú ẹ̀. Ẹ má wo ẹwà o."

"Ṣé ẹwà ni mo wò tí mo fi fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé tábìlì sídìí ògiri tó sún mọ́ àtẹ̀gùn, ó sì dán méjèèjì wò bí ẹni ń yan ìyàwó fún ọmọ. Búlúù lẹ́wà, ó jọ ti ibi iṣẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n kò rí wáífáì rárá. Ó pa á, ó tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà ṣì í dá lẹ́jọ́. Eérú burẹ́wà, àmọ́ ó rí wáífáì lójú ẹsẹ̀, fún odindi wákàtí kan kò sì jábọ́. Kò sí ẹni tó lè yàn án dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó ń fi eérú sínú kọ̀ǹpútà, ètò náà bi í bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, tàbí kí òun jókòó ti ètò àtijọ́. Ìyá Atẹ̀wé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ní í tẹ ìwé tuntun sórí ìwé àlòkù? Ní tirẹ̀, ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ìwé lọ́tọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ onírin lọ títí, ìwé rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á bá àwọn ìwé rẹ̀ níbi tó fi wọ́n sí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní yàrá mìíràn ni àwọn ìwé náà ń gbé. Ó tẹ "nù ún".

Ní ọ̀sán, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní. Wáífáì dúró. Ó ṣí ibi ìkówèésí, ó bá a lófìfo. Ó wá gbogbo ibi tó mọ̀, ó tún wá ibi tí kò mọ̀. Ó pe Eyínafẹ́, tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn láti òwúrọ̀.

"Níbo ni wọ́n ń kó ìwé àná sí nínú èyí?"

"Ìwé wo? Ìyàwó wa, ṣé ẹ kò kó wọn sórí fíláàṣì kẹ́ ẹ tó nù ún?"

Ó wo fíláàṣì méjèèjì lórí tábìlì.

"Èmi ni mi ò sọ," Eyínafẹ́ ní. "Mo rò pé ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ ti nù ún bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn náà wálẹ̀. Wáífáì kò já, ṣùgbọ́n ìgbín ni ìrìn rẹ̀. Alẹ́ ni ohùn àkọ́kọ́ dé, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni èkejì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago márùn-ún lù, ó fi ọ̀kan àbọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà àlàyé. Ojúlé náà gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olóòtú iléeṣẹ́ náà pè é fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Mà, ẹ má bínú. Ẹlòmíràn tá a ń dán wò bíi tiyín ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ láti àná."

"Ṣé tiẹ̀ mọ́?"

"Àṣìṣe wà níbẹ̀ díẹ̀. Ká sòótọ́, tiyín ló mọ́ jù. Ṣùgbọ́n mẹ́ta la ní kẹ́ ẹ ṣe, Mà."

"Ẹ ṣé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè."

Ó padà sídìí tábìlì láti pa kọ̀ǹpútà náà. Línúùsì bi í bóyá ó dá a lójú pé kí òun kú. Ó ní bí kò bá dáhùn, òun yóò ka ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, òun yóò sì pa ara òun. Ìyá Atẹ̀wé kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò ó bó ṣe ń kà á sẹ́yìn, títí ojú kọ̀ǹpútà náà fi ṣú.