Ojú Ọ̀run Ìbíkúnlé

Ìbíkúnlé kò ka ara rẹ̀ sí ayafídíò. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kámẹ́rà lè ya fídíò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àwòrán tó máa ń kọ́kọ́ hàn nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ olówó ayẹyẹ lé lórí. Ó ti kọ́ṣẹ́ kíkun ara ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó wá sí Yábàá, nítorí náà ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kun àwọn páálí tó ń yà fún àwòrán náà. Òdòdó wà fún ìgbéyàwó, àtẹ̀gùn wúrà fún ìṣílé. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ojú ọ̀run: àwọsánmà funfun, ìtànṣán oòrùn, ẹyẹlé méjì. Ènìyàn pàtàkì nìkan ló ń lò ó fún. Pé òkú ni gbogbo àwọn ènìyàn pàtàkì ọ̀hún, kò ronú débẹ̀.

Ní ọdún 1992, Bàbá Àkàngbé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì sí Súrùlérè, pè é kó wá ya ayẹyẹ àádọ́rin ọdún òun. Ọmọ ló ń wá, kì í ṣe fídíò. Lydia, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Lọ́ńdọ̀nù láìwálé. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ń sọ pé iṣẹ́ kò gba òun láyè. Jídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, kì í tilẹ̀ dáhùn. Bàbá ní bí Lydia bá rí òun níbi tí òun ti ń jó, bóyá ilé á wù ú.

Ìbíkúnlé gbé ojú ọ̀run jáde. Ó gé fọ́tò bàbá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ẹyẹlé méjèèjì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: 1922–1992. Mobọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí, ó bèèrè ẹni tó kú. Ìbíkúnlé dá a lóhùn pé Mobọ́lá kò mọ iṣẹ́ ọnà.

Arìnrìn-àjò kan mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, ó fi í lé aládùúgbò Lydia lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Lydia dé pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn àti ojú tó ti wú, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀bà. Ká ní ó fara da ìṣẹ́jú kan sí i ni, ì bá rí bàbá tó ń jó; ṣùgbọ́n ibi tí ẹyẹlé wà ló ti pa tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí Ìbíkúnlé gbọ́, ó gbé páálí olódòdó, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Màá yí i padà lónìí.”

Bàbá wẹ̀yìn wò bóyá Lydia wà nítòsí.

“Ta ló ní kó o yí i padà? Ṣe ẹyọ kan sí i fún Jídé. Òun àti àbúrò ẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀.”

“Ṣé kí n yọ ọdún yẹn kúrò?”

“Fi í síbẹ̀. Fi ẹyẹlé kan kún un.”

Nígbà tó délé, Ìbíkúnlé sọ fún Mobọ́lá pé òun ti rí ẹnì kan ní Súrùlérè tó mọyì iṣẹ́ ọnà.