Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Ń Tì Pa

Ìgbà tí ọwọ́ mi kan àgádágodo ni mo tó mọ̀ pé a lè kú síbẹ̀. Òróró tí a fi ń dín adìẹ ló gbaná. Iná náà dúró sí ọ̀nà tó lọ síwájú ilé, ó ń lá àjà, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló kù. Mo sáré débẹ̀, mo fà á, mo tún fà á. Irin tútù ni mo bá, ó há gádígádí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ yẹn ni mo ti ń kọjá lára àgádágodo náà, tí mo máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn pàápàá. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Àwa méjì la wà nílé ìdáná: èmi tí mo ń po ìyẹ̀fun mítípáì, àti ọmọkùnrin tó ń dín adìẹ. Wáyà orin kì í kúrò létí ọmọ yìí. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ti já a dànù, ó ti pa gáàsì, ó ń wo ojú mi.

"Mọ́mì, kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá."

"Ọ̀gá dà?"

"Wọ́n ti lọ sí Ọ̀tà."

Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó wọ́ mi lọ sídìí wíńdò kékeré tí a máa ń gbà na oúnjẹ sí ọmọbìnrin tó ń gbowó níwájú. Ọmọbìnrin náà ti kó àwọn tírè kúrò lójú ẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì wọlé. Mo sanra díẹ̀. Orí àti èjìká mi jáde, ìyókù kọ̀.

"Ẹ mí síta, Mọ́mì! Ẹ mí síta!"

"Èémí wo ni kí n tún mí?"

Ó ń fà, ọmọkùnrin ń taari mi láti ẹ̀yìn, èéfín ń wọ̀ mí nímú. Mo já bọ́ sórí kàńtà, bàtà mi kan ṣẹ́kù sínú. Ọmọkùnrin náà fò tẹ̀lé mi bí ológbò. Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń gbé garawa iyanrìn bọ̀. Iyanrìn yẹn ló pa iná náà.

Máníjà wa, ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, dé lọ́sàn-án. Ó dúró, ó wo ògiri tó ti dúdú.

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

A ní kò sí.

"Àlùhámúdùlíláhì. Adìẹ inú fíríísà ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tó ń gbowó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀gá, adìẹ ti ń sọnù níbẹ̀ kí èmi tó dé. Wọ́n ní àwọn kan máa ń gba ẹ̀yìn kó o jáde fún ọ̀rẹ́ wọn. Àlàájà tó ni ilé oúnjẹ náà wá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dáadáa. Máníjà bá ra àgádágodo, ó fi í há a láti inú, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ sápò kiri. Àárọ̀ tí a bá fẹ́ da ilẹ̀ nù nìkan ló máa ń ṣí i.

Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ yìí, mo pẹ́ ní fáktírì kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Sàǹgó. Bí a bá ti wọlé tán, wọ́n á ti géètì mọ́ wa, ó di ìgbà tí a bá ṣíwọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ẹni tó bá béèrè, àwọn mìíràn ti dúró ní géètì tí wọ́n ń fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́: tètè dé, má ṣe lẹ́nu, má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí ẹ níbi tó o jókòó sí.

Nítorí náà, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe mí ní kàyéfì. Bí àkókò ìṣíwọ́ wọn bá ti tó, wọ́n á ṣí fìlà, oníbàárà ì báà dúró lójú kàńtà kó na owó sí wọn. Bí ọ̀gá bá jágbe, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́." Òmíràn á lọ jẹun ọ̀sán, kò ní padà wá mọ́, lórí fọ́nù la ó ti tún rí i níbi tó ti ń ta bàtà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń gbowó yẹn kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kó tó dá mi lóhùn, ó ní, "Mọ́mì, tí àáké bá wá bẹ́ni lórí, ta ló máa jẹ oyin náà?" Mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n kun ògiri, wọ́n ra ìkòkò ìdínran tuntun, a tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgádágodo wà níbi tó wà. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ju adìẹ sínú òróró tó sì ta ṣàà, ọkàn mi á fò. Mo ń po ìyẹ̀fun, mo ń wẹ̀yìn. Mo ń gé ẹran, mo ń wẹ̀yìn. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń fi sínú nǹkan kan náà. Mo gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ wíńdò tí mo gbà jáde lọ́jọ́ iná, kí n lè rí nǹkan gùn. Máníjà gbé e kúrò, ó ní ó ń dí ọ̀nà.

Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn náà. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀, mo bi í bóyá kí n po ìyẹ̀fun kún èyí tó wà nílẹ̀, mo sì padà. Ní ọjọ́ orí mi, ta ló máa gbà mí síṣẹ́ mìíràn?

Àwọn ọmọ kò bẹ̀rù báyẹn. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n dé, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n wá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Gbogbo wọn. Máníjà rò pé eré ni.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Ọmọbìnrin tó ń gbowó ló dìde. "Ẹ káàárọ̀ sà. A ò bá yín jà o, ọ̀gá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, a máa dáná."

"Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní! Ọ̀lẹ lásán! Iṣẹ́ ló nira fún yín."

"Iṣẹ́ kọ́, ọ̀gá," ni ọmọkùnrin tó ń dín adìẹ wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ wà nínú ilé ìdáná. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, kẹ́yin náà dúró tì wá títí a ó fi dín in tán."

Máníjà fọwọ́ kan àpò ẹ̀, kò wọlé. Ó yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá kàńtà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ dáná. Ẹ má dá àwọn ọmọdé wọ̀nyí lóhùn."

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n má lọ. Mo wọlé. Mo tú òróró sínú ìkòkò, mo mú ìṣáná. Mo gbọ́ tí máníjà ń sọ níta pé, "Ẹ ò rí àgbàlagbà?" Mo wo òróró, mo wo àgádágodo. Bí iná bá tún sọ, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa taari mi láti ẹ̀yìn. Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò ṣà á. Mo jáde, mo lọ jókòó sáàárín wọn.

"Màmá! Ẹ̀yin náà?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, Mọ́mì ti di alága yúníọ̀nù!" Mo ní kó panu dé. Ṣùgbọ́n ó fa àga tirẹ̀ fún mi kí n lè gbé ẹsẹ̀ lé e.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ fáktírì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú ebi lójú.

"Ṣé ẹ ò tà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn wa ni wọn ò tíì ṣí," ni ọmọbìnrin tó ń gbowó wí.

"Èyí tí mo gbà wọlé ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni máníjà pe Àlàájà. Àlàájà dé tìbínú-tìbínú, ó kọjá lára wa láìdáhùn ìkíni, ó wọ ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e, torí mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo máa bẹ̀. Ó gbójú sókè wo àjà níbi tí dúdú ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ó di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, ó fà á. Kò ṣí. Ó tún fà á. Ó yíjú sí máníjà.

"Ta ló ní kí wọ́n tì í pa báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Àlàájà," ni máníjà wí.

"Èmi? Adìẹ ni mo ní kó má jáde. Ṣé mo ní kí èèyàn má jáde ni?"

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ àgádágodo náà lójú òun. Inú wa dùn, a dáná. Àṣé ọ̀ràn kò tíì tán. Kí adìẹ má baà tún sọnù, máníjà ní kí bàbá tó ń ṣọ́ géètì lọ máa jókòó sẹ́yìn ilé. Ó gbé àgádágodo sí ìta, ó ní kí bàbá máa tì í, kó sì ṣí i fún wa bí a bá kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí a fara mọ́ ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Bàbá náà kì í sùn, kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Bí a bá kàn án, á ṣí i. Àwọn ọmọ gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, ṣùgbọ́n mo ń kàn án ṣáá, kí n lè gbọ́ ohùn ẹ̀. "Mo wà níbí o, Ìyá," ni yóò máa wí, títí ó fi sú u.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, òróró ń hó, ọ̀pọ̀ oníbàárà ń dúró. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo tún kàn án.

"Bàbá!"

Kò sí ìdáhùn. Mo gbọ́ ohùn lèmọ́mù láti mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì. Bàbá ti lọ kírun, ó sì ti mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Pa iná!" ni mo ké sí ọmọkùnrin náà. Ó yọ wáyà létí, kò bi mí léèrè kankan, ó pa gáàsì, ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sì gba iwájú jáde.

Nígbà tí bàbá dé pẹ̀lú ẹní ìkírun léjìká, àánú ẹ̀ ṣe mí. Ó ń bẹ̀ wá. Ó ní bí òun bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì í, tí adìẹ kan sì sọnù, orúkọ òun ni wọ́n máa dá. Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló ṣe, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ì bá ti ṣe é.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó mú fọ́nù, ó pe Àlàájà fúnra ẹ̀ níwájú máníjà. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ní fáktírì wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní sùn sínú iṣẹ́ náà mọ́jú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájà. Wọ́n tún ti tì wá mọ́nú o." Ó fetí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì fi fọ́nù sápò.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà rán wẹ́ídà kan tó ń jó irin wá láti abẹ́ bíríìjì Sàǹgó. Ó gé àwọn irin tí wọ́n ń fi àgádágodo kọ́ kúrò, ti inú àti ti ìta, iná ń ta pàrà lára ẹ̀rọ ẹ̀, mo sì dúró sí ọ̀nà jíjìn. Ó wá fi irin gbọọrọ kan dábùú àárín ilẹ̀kùn láti inú. Ẹni tó wà níta kò lè ṣí i. Ẹni tó wà nínú kò nílò kọ́kọ́rọ́, kó ṣáà ti fara taari irin náà.

"Ìyá, ẹ wá dán an wò," ni wẹ́ídà wí.

Mo fi gbogbo agbára mi taari rẹ̀. Ó ṣí wẹ́rẹ́, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú sínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọmọ hó yèè.

"Mọ́mì, ẹ rọra! Iná ò tíì jó!"

Mo dúró níta nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀. Mo padà wọlé, mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà pa dé fúnra ẹ̀, mo tún taari ẹ̀, ó tún ṣí. Máníjà ń pariwo níwájú pé àwọn oníbàárà ń dúró. Mo mú ìṣáná. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo sì ṣá a.