Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Àgádágodo Tì

Ẹni tó bá mọ Bàbá Àgádágodo mọ̀ pé ohun tó bá pọ́ọ́kú kì í dùn mọ́ ọn. Adìẹ tí wọ́n bá ń tà ní owó ẹyin, á ní ó ti kú láti àná ni. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló fi tọ́ ọmọ. Ó ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí olè jà, ó ti ṣí i fún àwọn tí ẹbí wọn jà lólè. Ohun tó rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò jẹ́ kó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ìlú orí òkè ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Tí ìgbà òtútù bá dé, ìkùukùu á wọlé, á jókòó bí àna, kò ní lọ bọ̀rọ̀. Àyà ìyàwó rẹ̀ kò gba òtútù yẹn mọ́. Èémí rẹ̀ á máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lọ́dún tó kọjá, ó kù díẹ̀ kó bá a lọ. Dókítà ní tó bá tún lo ìgbà òtútù kan sí i lórí òkè yẹn, òun ò fọwọ́ sọ̀yà.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló mú àbá wá.

"Bàbá mi, ẹ kọjá sí òdìkejì ibodè. Ìlú kan wà létí òkun níbẹ̀, ooru ń mú, wọ́n sì gbọ́ èdè wa. Gbogbo nǹkan ló pọ́ọ́kú. Tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ padà wálé."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ọkọ mi ni."

"Èló ni wọ́n ń fún un níbẹ̀?"

"Háà, Bàbá!"

Ó jókòó, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Owó èédú tí wọ́n fi ń yáná lóṣù kan nílé, ó tó owó yàrá gbogbo ìgbà òtútù lọ́hùn-ún. Ó tún un ṣírò. Ibì kan náà ló já sí. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Ó gbà ṣá. Kì í ṣe pé ó gba ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ́. Èémí ìyàwó rẹ̀ tó ń han ló gbà gbọ́.

Ó wá agolo márùn-ún, ó fi irin de ọmọrí wọn, ó fi àgádágodo kékeré ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yàrá nínú ọ̀kan, owó oúnjẹ nínú ọ̀kan, owó oògùn, owó ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ padà, àti owó ohun tí ẹnì kan ò rò tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn wà lórí okùn kan tó so mọ́ bẹ́líìtì. Tó bá ń rìn, á máa dún woro-woro bí ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ṣé owó yìí á rí èémí mí báyìí?"

"Owó tó bá ń mí ló máa ń sá lọ."

"Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀yin ti sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀."

Ní ibodè, ó ń gbé owó tí wọ́n bá a ṣẹ́ sókè sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oníṣẹ́wó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sá a gbẹ ni?" Bàbá gbé òmíràn sókè.

Opó kan tó ń ránṣọ ló ni ilé tí wọ́n dé sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá wọn gan-an. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Irin wà lójú fèrèsé. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí àwọn yòókù ládùúgbò ń gbà.

"Ìyá Onílé, kí ló dé tó fi kéré báyìí?"

"Ìgbà yìí kọ́ ni àlejò ń wá síbí. Kàkà kí yàrá ṣófo, ẹ jẹ́ kí n rí ẹni máa kí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ mi."

Bàbá ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ibi tí òkú adìẹ wà nìyí.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá ti tú ilé kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn náà, ó ti de èyí tó gbé wá láti ilé mọ́ ọn. Nígbà tó yá, Ìyá Onílé wá bá a.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣílẹ̀kùn yìí mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Mo dán an wò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́ ọ̀kan fún mi."

"Màá rẹ́ ẹ lọ́la."

Ọ̀la yẹn kò dé. Ìgbàkígbà tó bá bèèrè, lọ́la ni. Bàbá wá ń fi òwú tín-ín-rín há ẹnu ilẹ̀kùn kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka fa ìlà sójú iyọ̀ inú ike. Òwú kò já, ìlà kò parẹ́. Ó ní olè tó mọṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n èémí ìyàwó rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òun àti Ìyá Onílé á máa rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ yín là ń sọ," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ọjà tó wà nítòsí wọ́n ju ti òkèèrè lọ díẹ̀. Ti òkèèrè ni Bàbá ń ná, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn débẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá sùn lọ́sàn-án, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé bá a. Ike oògùn tí ìyàwó rẹ̀ ń fọ́n sí ọ̀fun tí èémí bá há, méjì ni wọ́n rà. Ó fún un ní ọ̀kan. Ó ti èkejì mọ́ inú agolo oògùn, kó má baà lò ó bí ẹni ń lo omi.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú ìrẹsì àti àlùbọ́sà. Ó rí èrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ń fi òòlù lu irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Ìyá Onílé wà lójú fèrèsé, ó ti na ọwọ́ wọlé láàárín irin, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ẹ rọra mí o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dákẹ́."

Bàbá ju ìrẹsì sílẹ̀. Ó fa okùn kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó ki ti agolo yàrá bọ ilẹ̀kùn. Ó ki ti agolo oúnjẹ.

"Ẹ yàgò!" ni káfíńtà wí. Ilẹ̀kùn wó lulẹ̀.

Ike ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ó ń nàka sí agolo oògùn. Ìyá Onílé kò bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ó gba òòlù káfíńtà, ó fọ́ agolo, ó fọ́n oògùn sí i lẹ́nu. Wọ́n dúró. Èémí há, ó já, ó tún há, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Káfíńtà yíjú sí Bàbá. "Kí ni màmá yìí ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi tì wọ́n mọ́lé?"

"Mo ń ṣọ́ ọ ni."

"Lọ́wọ́ ta?"

Ojú Bàbá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onílé, ó yára gbé e kúrò. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó mọ ojú yẹn. Ojú tí òun fi ń wo ayé ni.

"Ẹ̀ẹ̀kejì tí màá yọ ilẹ̀kùn yìí nìyí," ni káfíńtà wí bó ṣe ń ṣa ìṣó. "Ọkọ Ìyá Onílé ló wà nínú yàrá níjọ́sí. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í láti inú. Ìgbà yẹn, mo pẹ́ dé."

Ìyá Onílé nu ojú. "Bàbá, ẹ kó ẹrù yín lọ́la."

Lọ́la. Ìkùukùu ṣì wà lórí òkè, ó jókòó bí àna.

Bàbá kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ó yá fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin lọ́wọ́ káfíńtà, ó mú irin kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́ ẹ. Nígbà tí káfíńtà fi máa gbé ilẹ̀kùn padà, ó ti parí. Ó nà án sí Ìyá Onílé.

Obìnrin náà kò gbà á lójú ẹsẹ̀. "Ẹ wọlé. Ẹ tì í láti inú."

Ó wọlé, ó tì í. Ìyá Onílé ṣí i láti ìta.

"Ẹ tún un tì."

Ó tún un tì. Ìyá Onílé tún ṣí i. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè sí oòrùn, ó wò ó.

"Ìyàwó yín lè dúró," ló wí.

"Èmi ńkọ́?"

"A ṣì ń wò yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, okùn kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀. Òun ló wá ń dún woro-woro káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agolo àìròtẹ́lẹ̀ ló ti mú owó káfíńtà, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá tẹ̀ lé e títí dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Tó o bá fẹ́ sùn, ibo lo máa fi okùn náà sí?"

Ìyàwó rẹ̀ wo Ìyá Onílé, Ìyá Onílé wò ó.

"Ẹ máa fura," ni ìyàwó rẹ̀ wí.